Tí mo bá ti ka ìwé ẹnì kan tán, ohùn onítọ̀hún ni mo fi ń kọ̀wé. Kí ni kí n ṣe?

Atẹ̀wé_Sábó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ìbéèrè kan, ẹ má bínú tó bá gùn díẹ̀.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Sábó níbí, ní Ìkòròdú. Fọ́tòkọ́pì, káàdì ìgbéyàwó, bánà, àti ìwé ètò ìsìnkú, ìyẹn gan-an ló sì ń mówó wọlé jù. Tẹ́lẹ̀, àwọn ẹbí ló máa ń kọ ìtàn ìgbésí ayé òkú wọn wá, èmi á kàn tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "bọ̀dá, ẹ bá wa kọ ọ́ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n kọ", wọ́n á jókòó tì mí, wọ́n á máa rò ó, èmi á máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé gbogbo èyí tí mo bá kọ, ọ̀kan náà ni. "A bí màmá sí ìdílé Olóògbé Pa Lágbájá ní ìlú Ìkòròdú. Obìnrin oníwà tútù ni, olùbẹ̀rù Ọlọ́run, abiyamọ tòótọ́. Ó fi ọmọ, ọmọ-ọmọ àti ẹbí sáyé lọ." Ẹ yọ orúkọ yẹn, ẹ fi òmíì sí i, ó ti di ti ìyá ẹlòmíì nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n kan tó máa ń wá tẹ ìwé lọ́dọ̀ mi wá ní tí mo bá fẹ́ mọ̀wé kọ, àfi kí n máa kàwé, kí n bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ Fágúnwà. Mo gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu. Mo ka Ògbójú Ọdẹ, mo ka àwọn tó tẹ̀ lé e, ó dùn mọ́ mi débi pé mo máa ń kà á nínú BRT láti Mile 12 títí dé Ìkòròdú, góòsílóò ò tiẹ̀ ká mi lára mọ́.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Gbogbo ohun tí mo bá ti kọ báyìí, Fágúnwà ni. Gbólóhùn á gùn, á máa yí, màá fi ìmọ̀ràn sáàárín, màá tún bá òǹkàwé sọ̀rọ̀, kí n tó wá rántí pé òkú ẹnì kan là ń kọ ìtàn ẹ̀. Mo kọ ti màmá kan tó fi gbogbo ayé ẹ̀ ta ẹja ní èbúté Ìpakodò, nígbà tí ọmọ ẹ̀ obìnrin kà á tán ó gbójú sókè wò mí, ó ní, "Bọ̀dá, ìyá wa ò bá iwin jà o, ẹja ló tà." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín.

Ìbéèrè mi nìyí. Ṣé ìwé kíkà máa ń ba ohùn èèyàn jẹ́ ni? Àbí kí n sinmi kíkà ná títí màá fi kọ ti màmá yìí tán? Wọ́n ṣì gbà kí n tún un kọ, àmọ́ wọ́n fẹ́ gbà á kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí.

ỌmọOríwù_Gidi

ChatGPT ńkọ́? Tẹ orúkọ màmá àti iye ọmọ sí i, kó o tó pajú pẹ́ ó ti parí. Ẹ ń da ara yín láàmú ni jàre.

Atẹ̀wé_Sábó

@ỌmọOríwù_Gidi mo ti ṣe é wò. Ó ní màmá jẹ́ ìmọ́lẹ̀ nínú òkùnkùn fún gbogbo àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ẹja ò sí níbẹ̀ rárá.

Tísà_Ìgbógbó

Àbúrò, o kú iṣẹ́ o. Má sinmi ìwé kíkà, mo bẹ̀ ẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ girama, ohun tó ń ṣe ẹ́ yìí náà ló ń ṣe àwọn ọmọ SS3 mi, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tìẹ lórúkọ, ẹni tiwọn ò lórúkọ. Àwọn ìwé pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ń tà fún wọn, èsè tí ẹnì kan ti kọ sílẹ̀ tán, "bí mo ṣe lo ọlidé mi", "lẹ́tà sí alága kánsù", ìyẹn nìkan ni wọ́n ń kà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tó bá wá dọjọ́ ìdánwò, gbogbo kíláàsì á jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí oòrùn ràn yòò tí àwọn ẹyẹ ń kọrin lórí igi. Ẹyẹ wo ló ń kọrin ní Ìgbógbó? Jẹnẹrétọ̀ àti lásìpíkà la máa ń gbọ́ níbí láàárọ̀! Mo sì máa ń sọ fún wọn pé máàkì 50 ni WAEC gbé kalẹ̀ fún èsè yẹn, 10 fún ọ̀rọ̀ tó o ní í sọ, 10 fún bó o ṣe tò ó, 10 fún sípẹ́lì àti fúlúsítọ́ọ̀pù, 20 gbáko fún bó o ṣe lo èdè. Ẹni tó há èsè sórí lè rí ti sípẹ́lì gbà, 20 yẹn ló máa fò ó dá.

Jẹ́ n sọ ti ẹnì kan fún ẹ, atẹ̀wé bíi tìẹ ni. Benjamin Franklin, ará Amẹ́ríkà ayé àtijọ́ tí àwòrán ẹ̀ wà lára 100 dọ́là. Ọdún 1706 ni wọ́n bí i ní Boston, ilé ìtẹ̀wé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ nígbà tó wà lọ́mọdé. Òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan wá ń jiyàn nínú lẹ́tà, èyí á kọ, tọ̀hún á fèsì, ni bàbá ẹ̀ bá rí àwọn lẹ́tà náà, ó kà wọ́n. Bàbá ní sípẹ́lì ọmọ òun dáa ju ti ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ, ó mọ ibi tó yẹ kó fi àmì sí (ilé ìtẹ̀wé ló kọ́ ọ nìyẹn), àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò dùn tó ti ọ̀rẹ́ ẹ̀, kò tò ó dáadáa, ohun tó ń sọ ò sì fi bẹ́ẹ̀ yéni. Ọmọ náà gbà pé òótọ́ ni. Ó wá rí ìwé ìròyìn àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù kan tó ń jẹ́ Spectator rà, ó fẹ́ràn bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an. Á mú àròkọ kan níbẹ̀, á kà á, á fi ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ kọ kókó gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, á wá gbé ìwé náà jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn ìyẹn á jókòó, á fi ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ kọ gbogbo ẹ̀ padà látinú kókó yẹn láì wo ìwé. Tó bá parí, á gbé tiẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, á rí ibi tó kù sí, á tún un ṣe. Ó tiẹ̀ máa ń sọ àwọn kan dewì, torí ewì á fipá mú un wá ọ̀rọ̀ tó gùn tó báyìí tó sì dún báyìí, tó bá wá pẹ́ díẹ̀ tó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe kọ ọ́, á tún yí ewì náà padà. Nígbà míì á da àwọn kókó ẹ̀ rú pátápátá, kó lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló ròyìn gbogbo èyí, ó ní ó níbi kéékèèké tí òun máa ń rò pé tòun tiẹ̀ dáa ju tiwọn lọ.

Ibi tí mò ń lọ ni pé Fágúnwà tó o kà nínú BRT yẹn, ojú nìkan lo fi kà á, ojú sì máa ń sáré, ibi tí ìtàn já sí ló ń wá. Èyí tó bá hàn síta jù lára òǹkọ̀wé lojú máa ń gbé, bíi gbólóhùn gígùn, bí ẹni ń wàásù. Bí ó ṣe mú ìtàn láti ibì kan dé ibì kejì, ìyẹn farapamọ́, àfi tó o bá fọwọ́ ara ẹ tú u. Mú ojú ewé kan ṣoṣo, má mú odidi ìwé, ṣe bí Franklin ṣe ṣe, kó o wá padà wá sọ fún wa.

Àbẹ̀kẹ́_Àgíríkì

Ẹ ṣeun gan-an mà, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn tán o. Tí bọ̀dá yìí bá ṣe ti Franklin sí Fágúnwà, ṣebí ṣe ló máa di Fágúnwà paraku! Ìwé kíkà kọ́ ló ń ṣe é, ẹnì kan ṣoṣo tó ń kà ni.

Èmi máa ń kọ skíìtì fún àwọn ọmọ kan tó ń ṣe fídíò ní Àgíríkì níbí, mo mọ̀ pé tí mo bá fi ọ̀sẹ̀ kan wo nǹkan ẹnì kan, gbogbo àwọn èèyàn inú skíìtì mi á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bíi tonítọ̀hún. Mo máa ń tètè wá ẹlòmíì tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ yàtọ̀ kà ni. Bọ̀dá, tísà ni Fágúnwà, ilé onígbàgbọ́ ló ti jáde, ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ jáde, ẹ ò rí i pé ó máa ń dá ìtàn dúró kó lè gba èèyàn nímọ̀ràn? Tiẹ̀ nìyẹn, ó yẹ ẹ́. Ẹ lọ wá Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, 1969. Ìtàn ọ̀daràn ni, Lápàdé tó ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá rí ló ń tọpa wọn kiri, àwọn èèyàn ibẹ̀ ń fọ̀rọ̀ gún ara wọn lára, wọ́n ń pa ara wọn lẹ́rìn-ín, ẹnì kankan ò dúró wàásù fún yín. Tẹ́ ẹ bá kà á tẹ̀ lé Fágúnwà, ohùn méjèèjì á máa bára wọn fà á nínú orí yín, kò sí èyí tó máa lè dá gba ilé mọ́.

Ẹ wo Amos Tutùọlá ọmọ Abẹ́òkúta. Àwọn onímọ̀ gbà pé ó rí nǹkan púpọ̀ mú lọ́dọ̀ Fágúnwà, igbó àti iwin ló kún inú ìwé tiẹ̀ náà. Àmọ́ méséńjà ni ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Èkó, Gẹ̀ẹ́sì ẹni tí ò pẹ́ níléèwé ló fi kọ ìtàn ọ̀mu tó wá adẹ́mu ẹ̀ lọ sọ́run, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1952, ariwo ta. Kò sẹ́ni tó máa ka ojú ewé kan níbẹ̀ tó máa ní Fágúnwà ló kọ ọ́.

Ohun míì tún wà níbẹ̀ tẹ́nì kankan ò tíì sọ. Chimamanda Adichie tó máa ń kọ ìtàn sọ̀rọ̀ kan níbi àpérò TED lọ́dún 2009, ó ní nígbà tóun wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 7 tóun bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn, òyìnbó olójú búlúù ni gbogbo èèyàn inú ìtàn òun, wọ́n ń ṣeré nínú yìnyín, wọ́n ń jẹ ápù, wọ́n ń sọ pé inú àwọn dùn pé oòrùn yọ. Nàìjíríà ló wà o, máńgòrò ni wọ́n ń jẹ, yìnyín wo! Ìwé àwọn ọmọ òyìnbó ló ń kà ni, ó rò pé irú wọn nìkan ló ń wà nínú ìwé. Ìgbà tó ka ìwé àwọn ọmọ Áfíríkà bí Achebe àti Camara Laye ló tó mọ̀ pé irú òun náà lè wà níbẹ̀.

Bọ̀dá, kí ẹ tó ka Fágúnwà rárá lẹ ti ń kàwé. Ìwé ètò ìsìnkú tí ẹ̀ ń tẹ̀ lójoojúmọ́, ṣé kì í ṣe ìwé ni? Àìmọye ẹ̀ lẹ ti kà. Àwọn ló kọ́ yín pé gbogbo màmá tó bá kú gbọ́dọ̀ jẹ́ oníwà tútù. Ẹ ò rí i kà rí pé màmá mọ owó ẹ̀ ká, tàbí pé àwọn ọlọ́jà ń sá fún ẹnu ẹ̀. Torí náà tí ọmọ ẹ̀ bá tiẹ̀ sọ ọ́ lójú yín báyìí, ẹ ò ní kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ máa rò pé kì í ṣe ara ohun tí wọ́n ń kọ.

Atẹ̀wé_Sábó

@Àbẹ̀kẹ́_Àgíríkì háà. Ọmọ ẹ̀ sọ nǹkan kan nípa gbèsè àti ògiri, lóòótọ́ ni, mi ò kọ ọ́ sílẹ̀.

Bàbá_Ìpakodò

Mo kí gbogbo yín o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí, torí náà tí sípẹ́lì ò bá dáa, òun ni kí ẹ bú.

Ẹ ń pe ìwé, ìwé, ìwé. Ẹni tí kò mọ a yàtọ̀ sí b ló sun ẹkún ìyàwó, ló ki oríkì ìdílé yín tí orí yín fi wú. Fágúnwà tẹ́ ẹ̀ ń dárúkọ yẹn, ṣé inú ìwé nìkan ló ti rí òwe? Ìwé dáa, èmi náà kà á, ṣùgbọ́n ìwé máa ń kọ́ èèyàn bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rí tí wọ́n bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ tán. Bó ṣe ń rí lẹ́nu èèyàn, etí ló ń gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ n sọ ti I. B. Thomas. Òun ló ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó, òun náà ló ń ṣe olóòtú ẹ̀. Láti 1929 wọ 1930 ó ń gbé lẹ́tà obìnrin kan jáde níbẹ̀ léraléra, Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, obìnrin tó ti jayé ní Èkó tí àìsàn wá dè mọ́lẹ̀, ó ń ròyìn gbogbo ọkọ tó fẹ́ àti ohun tójú ẹ̀ rí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kà á gbà pé obìnrin náà wà láàyè nínú ilé kan l'Ékòó. Thomas ló ń kọ gbogbo ẹ̀! Ẹ wò ó, ọkùnrin ni, oníròyìn ni, tó bá jẹ́ ohùn ìwé ìròyìn ló fi kọ ọ́, ta ni ì bá gbà á gbọ́? Obìnrin yẹn ń sunkún lójú ìwé, á dárúkọ àdúgbò, á fi orin tí wọ́n ń kọ nígbà náà sí i, á ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ohun tó ti gbàgbé láti sọ, bí àwọn ìyá wa ṣe ń sọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́. Ọkùnrin yẹn ti fetí sílẹ̀ kó tó mú gègé.

Ìwọ Atẹ̀wé, màmá tó o ń kọ nípa ẹ̀ yìí, ó ṣeé ṣe kí n ti ra ẹja lọ́wọ́ ẹ̀ rí. Jí lọ sí èbúté. Àwọn tí wọ́n jọ ń tajà ṣì wà níbẹ̀. Má bi wọ́n léèrè pé irú èèyàn wo ni màmá, wọ́n á ní èèyàn dáadáa ni, gbogbo òkú lèèyàn dáadáa. Bi wọ́n pé ta ló máa ń kọ́kọ́ dé etí omi kí ọkọ̀ apẹja tó gúnlẹ̀. Bi wọ́n bó ṣe ń nájà pẹ̀lú àwọn Ègùn, ṣé ó gbọ́ èdè wọn ni àbí ìka ló fi ń júwe. Igi wo ló fẹ́ràn láti fi yan ẹja, ẹja wo ni kì í rà láéláé? Tí oníbàárà bá kówó ẹ̀ lọ ńkọ́, kí ló máa ń sọ? Bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ ni kó o ṣe kọ ọ́, má bá wọn tún ẹnu ṣe.

ỌmọOríwù_Gidi

Bàbá ẹ kú ọgbọ́n o 😂 àmọ́ ta ló fẹ́ lọ sí Ìpakodò ní ìdájí torí iṣẹ́ fọ́tòkọ́pì.

Atẹ̀wé_Sábó

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o gbogbo ilé. Mo lọ.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti Franklin, torí Tísà ní kí n wá jábọ̀. Mo rí Àjà Ló Lẹrù rà lọ́wọ́ àwọn tó ń pàtẹ ìwé àlòkù, mo mú ojú ewé kan, mo kọ kókó ẹ̀ sílẹ̀, mo fi í sílẹ̀ ọjọ́ díẹ̀, mo wá kọ ọ́ padà. Ẹ ò lè mọ bó ṣe yà mí lẹ́nu tó. Tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ìlọ́po méjì tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun kan náà la jọ sọ. Ibi tó bá ti sọ ohun tí ẹnì kan ṣe, èmi ti lọ sọ irú èèyàn tí ẹni náà jẹ́. Tí ọkùnrin kan bá fìbínú ti ilẹ̀kùn níbẹ̀, èmi á ti kọ pé oníbìínú fùfù ni, mi ò tiẹ̀ rántí ilẹ̀kùn. Mo wá lọ wo àwọn ìwé ètò ìsìnkú inú kọ̀ǹpútà mi, gbogbo wọn pátá, irú èèyàn tí òkú jẹ́ ló kún ibẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣe nǹkan kan.

Ti èbúté náà, bàbá, ẹ ṣeun, ẹ kú àdúrótì. Àwọn ìyá yẹn sọ̀rọ̀ fún mi débi pé mo ní láti fi fóònù gbà á sílẹ̀. Ohun tí mo kọ rèé, ẹ bá mi wò ó, kò tíì parí o:

"Màmá kì í sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìdájí ló ti máa ń wà létí omi, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ kan, abọ́ lọ́wọ́ kejì, kí ọkọ̀ apẹja tó gúnlẹ̀. Ó gbọ́ Ègùn tó tó fi nájà, ó sì gbọ́ èyí tó tó fi jà. Tó bá ti ní iye báyìí lòun máa san, ó parí nìyẹn, àmọ́ kò ní jẹ apẹja lówó kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Kò lọ síléèwé. Ṣọ́ọ̀kì ló fi ń kọ gbèsè sára ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ilà kan fún abọ́ ẹja kan, òun nìkan ló mọ ilà tó jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀ fẹ́ kun ilé lọ́dún kan, ó ní kí wọ́n kun ibi tó bá wù wọ́n, kẹ́nì kankan má fọwọ́ kan ògiri yẹn, owó òun wà níbẹ̀. Tí ẹ bá ra àgbọ̀dọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, á bu edé ẹ̀kúnwọ́ kan ṣe èènì fún yín. Tẹ́ ẹ bá ní kó fi kún un, á ní kí ẹ dá ẹja òun padà. Ó jẹ́ enia pàtàkì tí gbogbo aiye fẹ́ràn, ìmọ́lẹ̀ ìdílé wa, abiyamọ tòótọ́ tí kò lẹ́gbẹ́."

Àbẹ̀kẹ́_Àgíríkì

Bọ̀dá!!! "Ó sì gbọ́ èyí tó tó fi jà." Mo rẹ́rìn-ín títí. Kò sí Fágúnwà níbẹ̀, kò sí Òkédìjí níbẹ̀.

Ẹ yọ gbólóhùn tó kẹ́yìn. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ dé ìparí, ẹ̀rù bà yín, ẹ bá sáré padà sínú ìwé ètò ìsìnkú. Ẹ parí ẹ̀ síbi ẹja tó ní kí wọ́n dá padà yẹn.

Mo tún mọ ìwé míì tẹ́ ẹ̀ ń kà, "enia", "aiye". Bíbélì àtijọ́ ni, àbí irọ́ ni mo pa? Láti àkọtọ́ ọdún 1974 la ti ń kọ ọ́ ní ènìyàn àti ayé. Ibi tó kù nínú ohun tẹ́ ẹ kọ, sípẹ́lì òde òní ni, àfi gbólóhùn tó jẹ́ ti ìwé ìsìnkú yẹn nìkan. Ẹ ò rí nǹkan! Sípẹ́lì ẹ̀ tiẹ̀ bá a wá.

Tísà_Ìgbógbó

Àbẹ̀kẹ́ ti bá mi sọ ọ́. Àbúrò, 18 nínú 20 ni màá fún ẹ. Mo yọ 2 nítorí gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn.

Ohun kan péré ló kù, "Màmá kì í sùn títí ilẹ̀ fi mọ́", wọ́n lè kà á sí pé kì í fojú kan oorun rárá. Tún un wò.

Bàbá_Ìpakodò

Mo ní kí ọmọ yìí kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Màmá yẹn ni. Mo ti jẹ gbèsè ara ògiri yẹn rí, mo sì san án o, kẹ́nì kankan má wá mi wá.

Má jẹ́ kí ẹbí yọ ti ìjà kúrò. Wọ́n máa fẹ́ yọ ọ́.

Atẹ̀wé_Sábó

Bàbá, ẹ mọ̀ ọ́n sọ. Àkọ́bí wọn ọkùnrin ní kí n yọ ọ́, ó ní kí ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì máa rò, ó tún ní kí n dá "oníwà tútù" padà. Àbúrò ẹ̀ obìnrin, ẹni tó sọ ti iwin lọ́jọ́sí, ló dáhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, nígbà wo ni màámi níwà tútù?" Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù mi títí àwọn tó fẹ́ ṣe fọ́tòkọ́pì fi ń bínú lọ. Ibi tí wọ́n wá parí ẹ̀ sí ni pé ìjà máa wà níbẹ̀, "aiye" náà máa wà níbẹ̀ lójú ewé àkọ́kọ́, níbi tí wọ́n ti kọ ẹsẹ Bíbélì, torí alàgbà wọn ò ní gba sípẹ́lì míì. Mo gbà. Gbólóhùn tó kẹ́yìn ti lọ. Ti oorun náà mo ti tún un kọ, Tísà, ó ti di "Kí àkùkọ tó kọ, Màmá ti wà létí omi."

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka Fágúnwà padà o. Àmọ́ mo ti ń fi nǹkan míì là á láàárín.

ỌmọOríwù_Gidi

Bọ̀dá, apá ibo ní Sábó ni ṣọ́ọ̀bù yín wà? Bàbá mi fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ọdún 70 lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n ní ká kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn. Wọ́n wà láàyè o, kẹ́ ẹ má lọ kọ "ó sùn nínú Olúwa". Èló lẹ̀ ń gbà? Mo lè fi àwọn nǹkan tó ṣe pàtàkì ránṣẹ́ sí yín lórí Wásáàpù.

Atẹ̀wé_Sábó

Má fi nǹkan kan ránṣẹ́. Mú bàbá fúnra wọn wá, kí wọ́n wá jókòó. Ẹ tètè dé láàárọ̀, torí tó bá ti dọ̀sán, wọ́n á ti múná lọ, ariwo jẹnẹrétọ̀ ò sì ní jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí wọ́n bá ń sọ. Ti owó, ìyẹn á dọwọ́ bí ọ̀rọ̀ bàbá bá ṣe gùn tó. Ẹni tó bá ti pé 70, mi ò lè dá iye kan ní báyìí.